Ẹnu Ẹni La Fi Ń Kọ Mé-è-jẹ: Ọ̀rọ̀ Lórí Ṣàwámà Alẹ́

  Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ìkìlọ̀ nípa májèlé nìkan ni òwe yìí. Mo ti dàgbà tó báyìí láti mọ̀ pé oúnjẹ tí ó dùn, tí a fi owó ara wa rà, tí a sì ń jẹ léraléra láìbéèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, wà lára ohun tí òwe náà ń bá wí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ó kọjá, mo sin ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àtọ̀gbẹ ti ń bá màmá fínra, wọ́n sì máa ń lọ fi ara hàn níbẹ̀ lóṣooṣù. Bí wọ́n ti wọn màmá tán, ni màmá bá yíjú sí nọ́ọ̀sì, wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọn ọmọ mi yìí náà.” N kò lè kọ̀. Mo gun orí òṣùwọ̀n, mo sì rí i pé mo ti fi kílò mẹ́sàn-án wúwo ju bí mo ti rí lọ nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀.

Nọ́ọ̀sì náà kò bú mi. Ó kàn béèrè pé, “Àbúrò mi, kí lo sábà máa ń jẹ lálẹ́?”

Mo ní, “Ṣàwámà ni, mà.”

“Kí ló máa ń wà nínú rẹ̀?”

Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo mọ iye tí wọ́n ń tà á. Mo mọ aago tí wọ́n ń ṣí àti aago tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́. Mo mọ oríta tí ṣàwámà ti dùn jù lọ ní gbogbo àdúgbò wa. Èmi tí mo kàwé gboyè nínú èdè Yorùbá, tí mo lè tú oríkì sí wẹ́wẹ́, n kò lè tú oúnjẹ alẹ́ ara mi sí wẹ́wẹ́. Màmá wò mí, wọn kò sọ nǹkan kan. Ẹni tí àtọ̀gbẹ bá wà nínú ẹbí rẹ̀ yóò mọ ohun tí irú ìwò bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí.

Ohun tí a wé sínú búrẹ́dì

Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, mo tún gba ìdí ṣàwámà lọ. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. N kò lọ rà á nìkan, mo lọ wò ó pẹ̀lú. Inú ọ̀rọ̀ èdè Tọ́kì kan tí ó túmọ̀ sí yíyí ni orúkọ ṣàwámà ti wá, nítorí pé ẹran náà a máa yí níwájú iná bí ó ti ń jinná. Ọwọ́ àwọn ará Lẹ́bánónì àti Síríà ni ayé ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ tiwa, a fi sọ́séèjì kún un, a sì fi kírímù wẹ̀ ẹ́.

Mo dúró, mo ń wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n tí ó ń ṣe é. Ó tẹ́ búrẹ́dì pẹlẹbẹ sílẹ̀. Ó bu kírímù, èyí tí í ṣe máyónéèsì pẹ̀lú kẹ́ṣọ́ọ̀pù díẹ̀, ó sì fi pa ojú búrẹ́dì náà láti etí dé etí. Ó da ẹran adìyẹ lé e. Ó to sọ́séèjì méjì sí i. Ó bu kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì ẹ̀kúnwọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni ó tún bu kírímù, ó dà á lé gbogbo rẹ̀ lórí, ó wá wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun. Mo ń ka ṣíbí kírímù náà bí ó ti ń bù ú: mẹ́rin ni.

Kí a tó máa bá ìṣirò lọ, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń ṣírò. Kálórì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Gíráàmù purotéènì kan tàbí gíráàmù ṣúgà kan ń fún ara ní kálórì 4. Gíráàmù ọ̀rá kan ń fún un ní 9, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì lọ. Agbára tí ara kò bá lò, ara kì í dà á nù. Ńṣe ni ó máa ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ bí ọ̀rá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí iléeṣẹ́ ìlera ìjọba wọn ń sọ fún ará ìlú ni pé nǹkan bí kálórì 2,000 ni obìnrin nílò lójúmọ́, kí ọkùnrin sì máa jẹ nǹkan bí 2,500. Ọjọ́ orí, gíga àti irú iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe lè mú kí ó lọ sókè tàbí kí ó wálẹ̀. Ẹni tí ń ru bíríkì láti àárọ̀ àti èmi tí mo jókòó ti kọ̀ǹpútà kò lè máa jẹ iye kan náà.

Ó wá kan ṣàwámà wa. Iye tí mo fẹ́ kà yìí kì í ṣe ti ilé ìtajà kan pàtó, nítorí ọwọ́ ẹni tí ó ń ṣe é yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n kò ní jìnnà sí òtítọ́. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan lè ní nǹkan bí 200 kálórì. Adìyẹ sísun tí kò ní awọ, 100 gíráàmù, ní nǹkan bí 165. Sọ́séèjì kan ní nǹkan bí 145, nítorí náà méjì jẹ́ 290. Ṣíbí ìjẹun máyónéèsì kan sún mọ́ 100, nítorí náà ṣíbí mẹ́rin jẹ́ 400. Kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì ẹ̀kúnwọ́ kan kò ju bí 10 lọ. Bí a bá wá fi ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò 50 sẹ̀ńtílítà kan tì í, ìyẹn tún jẹ́ nǹkan bí 200. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 1,265. Ó ju ìdajì ohun tí èmi nílò fún odindi ọjọ́ kan lọ, mo sì ti jẹ ìrẹsì ọ̀sán kí n tó débẹ̀.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu kì í ṣe àròpọ̀ náà. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni ibi tí iye náà fara sin sí. Búrẹ́dì, adìyẹ àti ẹ̀fọ́, àwọn tí a tìtorí wọn ra oúnjẹ náà, kò ju 375 lọ. Kírímù, sọ́séèjì àti ohun mímu, àwọn tí a kà sí àfikún lásán, ni wọ́n kó 890 tí ó kù. Wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ní tèmi, ṣíbí ṣíbí ni ó wọlé.

Èènì wo ni ẹ ń béèrè?

Mo ti fẹ́ máa dá ẹni tí ó ń ta ṣàwámà lẹ́bi, kí n tó rántí pé èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí kírímù pọ̀ dáadáa o.” Àṣà ọjà tiwa ni. Bí a bá ra gààrí, a ó béèrè èènì. Bí a bá ra ẹ̀wà, a ó béèrè èènì. Nígbà tí a dé ìdí ṣàwámà, a kò rí ohun mìíràn tí a lè fi ṣe èènì ju kírímù lọ, nítorí pé òun ni ọlọ́jà lè fi kún un láìfajúro. Inú wa a sì dùn pé a jẹ èrè.

Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-è-jẹ. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò nídìí ọ̀rọ̀ tòní. Àǹfààní tí ó wà nínú oúnjẹ tí wọ́n ń ṣe lójú ẹni ni pé ẹnu ẹni lè dá sí i kí wọ́n tó wé e. Bí wọ́n bá ti wé e tán, ọ̀rọ̀ ti bọ́. Kò sí ẹni tí yóò jókòó máa fi ṣíbí ha máyónéèsì kúrò lára búrẹ́dì. Ìṣẹ́jú kan péré tí a fi dúró níwájú ẹni tí ó ń tà á ni gbogbo ìpinnu wà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, ojú tì mí díẹ̀. Àwọn ènìyàn wà lẹ́yìn mi, ebi sì ń pa wọ́n.

Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, kírímù ṣíbí kan péré ni kí ẹ fi sí tèmi.”

“Ṣíbí kan kẹ̀? Àǹtí mi, ó máa gbẹ o! Ẹ ò ní gbádùn ẹ̀.”

“Ẹ fi tòmáàtì àti kùkúńbà kún un, ìyẹn ni ò ní jẹ́ kó gbẹ.”

“Sọ́séèjì ńkọ́? Ṣé méjì náà ni?”

“Ẹ má fi sọ́séèjì sí i rárá. Ẹ bá mi fi ẹran kún un dípò rẹ̀.”

Ó wò mí títí, ó ní, “Kò burú. Owó yín ni.” Ó sì ṣe é bí mo ti wí. Nígbà tí mo jẹ ẹ́, omi tòmáàtì àti ti kùkúńbà ti mú kí ó tutù lọ́fun, mo sì tọ́ adùn ẹran wò fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí pé kírímù kò bò ó mọ́lẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò òun náà: búrẹ́dì 200, adìyẹ 150 gíráàmù tí ó jẹ́ nǹkan bí 250, máyónéèsì ṣíbí kan 100, ẹ̀fọ́ 20, omi tútù òfo. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 570. Oúnjẹ kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni ó ṣe é, ìyàtọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700. Bí ẹ bá máa béèrè èènì lẹ́yìn òní, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, èènì ẹ̀fọ́ ni kí ẹ béèrè.

Ohun márùn-ún tí a lè fi ẹnu sọ

Kì í ṣe ṣàwámà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Bọ́gà, sáńwíìṣì inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà ńláńlá, àti búrẹ́dì gígùn tí wọ́n ń kó ẹran sí nínú, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀nà márùn-ún tí mo ń gbà rèé.

Èkíní, mo máa ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ dà sí i kí wọ́n tó dà á. Máyónéèsì ni ó wúwo jù. Ṣíbí kẹ́ṣọ́ọ̀pù kan kò ju bí 20 kálórì lọ, àmọ́ ṣúgà àti iyọ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí náà kí a má sọ òun náà di omi. Ata gígún kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kálórì kankan, ẹnu wa sì ti mọ̀ ọ́n láti ilé. Bí ẹ bá ń gba oúnjẹ lórí fóònù, ẹ kọ ọ́ sí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àlàyé pé kí wọ́n di kírímù lọ́tọ̀. Ìwọ̀n yóò wá wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín.

Èkejì, omi ni mo ń mu. Ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò 50 sẹ̀ńtílítà kan lè ní tó 50 gíráàmù ṣúgà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì gba ènìyàn níyànjú pé kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ àti ohun mímu má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí a ń jẹ lójúmọ́. Fún ẹni tí ń jẹ 2,000 kálórì, 50 gíráàmù gan-an ni ìdá kan nínú mẹ́wàá náà. Ìgò kan ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Bí omi bá sú yín, ẹ mu sóbò tí a kò fi ṣúgà sí, tàbí irú ẹlẹ́rìndòdò tí kò ní ṣúgà.

Ẹ̀kẹta, mo máa ń wo bí ó ti tóbi tó. Wọn a máa sọ pé, “Ẹ fi owó díẹ̀ kún un, kí ẹ gba ńlá.” Owó díẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó pọ̀ sí i. Bí ẹ bá gba ńlá, ẹ pín in pẹ̀lú ẹni kejì yín níbẹ̀. Ẹ má ṣe tọ́jú ìdajì rẹ̀ di ọjọ́ kejì bí kò bá sí iná ìjọba tí yóò mú ẹ̀rọ amóhuntutù ṣiṣẹ́, nítorí ẹran àti máyónéèsì kì í sùn síta. Inú rírun burú ju sísanra lọ.

Ẹ̀kẹrin, sísun ni mo ń yàn ju díndín lọ. Adìyẹ tí a yí mọ́ ìyẹ̀fun tí a sì rì sínú òróró gbígbóná ń fa òróró náà mu. Ànàmọ́ òyìnbó díndín tí wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́gà, 100 gíráàmù rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bí 300 kálórì. Bí a bá jẹ bọ́gà láìgba ànàmọ́, kò sí ẹni tí yóò fi wá sẹ́wọ̀n.

Ẹ̀karùn-ún, n kì í jẹ́ kí orúkọ tàn mí jẹ. A rí sáńwíìṣì ẹja tàbí ti ẹyin nínú ọ̀rá, a rò pé ó fúyẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé máyónéèsì ni wọ́n fi po ẹja tàbí ẹyin náà. Kí a má sì rò pé tiwa-n-tiwa bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Búrẹ́dì àti àkàrà, sáńwíìṣì tí àwa jogún bá, dùn bí oyin, ẹ̀wà sì dára fún ara, ṣùgbọ́n òróró ni àkàrà ti wẹ̀ jáde. Ní àárọ̀ mìíràn, ẹ fi ọ̀lẹ̀lẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀wà kan náà ni, omi ni ó sì fi jinná.

Fún àwọn tí ó wà lókè òkun

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà wá láti ìlú London, Manchester tàbí Houston, iṣẹ́ tiyín rọrùn ju tiwa lọ níbì kan. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni òfin ti ní kí àwọn iléeṣẹ́ oúnjẹ ní England tí òṣìṣẹ́ wọn tó 250 máa kọ kálórì síwájú oúnjẹ lára pátákó. Ní Amẹ́ríkà, oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni òfin bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún àwọn tí ẹ̀ka wọn tó 20. Ní ìdí ṣàwámà tí èmi ń lọ, kò sí nǹkan kan lára pátákó ju iye owó àti àwòrán adìyẹ tí ń rẹ́rìn-ín lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ fura sí nọ́ńbà náà. Níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì gígùn tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ohun inú rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ti ínǹṣì mẹ́fà ni iye tí wọ́n kọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ bàtà kan odindi ni ẹ fẹ́ rà. Ìlọ́po méjì ni. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti ka wàràkàṣì àti ọbẹ̀ orí rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnu yín náà ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀: wàràkàṣì kékeré kan lè fi 60 tàbí 70 kún un, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń kó sínú búrẹ́dì kan kì í sábà tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, “Ṣé kí ebi wá pa wá ni?” Rárá o. Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa ka kálórì bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni sísanra kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí a fi ń bú ènìyàn. Nílẹ̀ wa, bí a bá ní ara ẹnìkan tutù, oore ni a ń sọ nípa rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ó máa rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ní àìsàn lára, ọ̀rọ̀ dókítà rẹ̀ ni kí ó tẹ̀ lé, kì í ṣe tèmi. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a má jẹ ohun tí a kò yàn. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni o fi ẹnu ara rẹ sọ pé kírímù ṣíbí mẹ́rin ni o fẹ́ lónìí nítorí pé ọjọ́ ìbí rẹ ni, jẹ ẹ́, kí ó sì gbè ọ́. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ pé wọ́n dà á sí i, o sì gbé e jẹ.

Èmi ṣì ń jẹ ṣàwámà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ ti di ẹ̀ẹ̀kan, ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Kílò mẹ́rin ti lọ nínú mẹ́sàn-án, èyí tí ó kù kò sì kánjú, èmi náà kò kánjú. Ẹ̀gbọ́n tí ó ń tà á kò wulẹ̀ bi mí mọ́. Bí ó bá ti rí mi, tòmáàtì ni ó máa ń kọ́kọ́ fa ọwọ́ sí.

Ní oṣù tí ó kọjá, mo ra ọ̀kan lọ sílé fún màmá, kí wọ́n lè tọ́ díẹ̀ wò. Wọ́n gbà á, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n wá bi mí pé, “Kí ló wà nínú rẹ̀?”

Mo jókòó tì wọ́n, mo sì kà á fún wọn láti orí búrẹ́dì títí dé orí ẹ̀fọ́. N kò gbàgbé ọ̀kan.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ra àìsàn.